Kámẹ́rà Ìyá Onípákó

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé láàárín oṣù kan tí pákó pòórá nínú ọgbà Ìyá Onípákó, ni Ìyá bá ní òun máa ra kámẹ́rà tó ń ríran lóru. Ó mú Bàbá Ọdẹ, tó ń ṣọ́ ọgbà náà, dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníkámẹ́rà.

"Ẹ̀yin lẹ mọ òru," ló wí.

Bàbá Ọdẹ rẹ́rìn-ín sínú. Obìnrin tí kò tíì mọ fóònù ọwọ́ ẹ̀ tẹ̀ dáadáa!

Oníkámẹ́rà to mẹ́ta síwájú wọn. Èkíní, bátìrì rẹ̀ kì í pẹ́ kú. Èkejì, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwòrán rẹ̀ á kún fún tótòtó bí ara ẹtù. Ẹ̀kẹta ni kò lẹ́gàn.

"Ẹ gbé e síbi tí kò ní mì," ni oníkámẹ́rà wí. "Ojú ẹ̀ á là sílẹ̀ fún wákàtí kan gbáko, á máa kó ìmọ́lẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀. Àwòrán kan ṣoṣo lẹ máa rí níbẹ̀."

"Téèyàn bá wá ń rìn kiri ńkọ́?" Ìyá bèèrè.

"Kò ní hàn rárá, Mà. Ohun tó bá dúró sójú kan ló ń mú."

Bàbá Ọdẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Olè wo ló ń dúró sójú kan fún wákàtí kan? Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ẹ̀rù ti ń bà á tẹ́lẹ̀ pé bí kámẹ́rà gidi bá wọ ọgbà, wọ́n á gbaṣẹ́ lọ́wọ́ òun. Ọkàn rẹ̀ wá balẹ̀ wàyí.

"Èyí gan-an ni kẹ́ ẹ rà, Mà."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ó dá mi lójú ṣáká! Èmi tí mò ń yípo ọgbà láti alẹ́ dòwúrọ̀, tí ìdí mi kì í kan àga!"

Ìyá wò ó díẹ̀, ó ra kámẹ́rà náà. Bàbá Ọdẹ fúnra rẹ̀ ló gun àkàbà, tó so ó mọ́ òpó, tó kọjú rẹ̀ sí géètì. Ó ń súfèé bó ṣe ń so ó.

Lọ́jọ́ kẹta, Ìyá pè é sí ọ́fíìsì. Àwòrán kan wà lórí tábìlì.

"Ṣé ẹ ti rí olè náà, Mà?" Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ wò ó fúnra yín."

Géètì hàn, pákó hàn, kò sí olè kankan; lórí àga tó wà láàárín wọn, Bàbá Ọdẹ da orí sẹ́yìn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, kò mira fún wákàtí kan gbáko, ó sì hàn débi pé bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣeé kà.