Ọkọ̀ Túúká àti Àǹtí Ẹlẹ́nu-Abẹ

Aránṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò ò tíì tú ẹrù rẹ̀ tán tó fi mọ̀ pé ilé kejì ní ẹnu. Fèrèsé tó gbé máṣíìnì rẹ̀ sí dojú kọ gáráàjì níbi tí bàbá kan ti ń to ọkọ̀. Kì í ṣe pé ó ń tún un ṣe o. Ó ń tò ó ni. Túúká ló rà á, ẹ́ńjìnnì, táyà àti ìjókòó nínú páálí, bí ìgbà téèyàn ra bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ní kó lọ kàn án nílé fúnra rẹ̀. Mẹkáníìkì ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Mọ́tò tó ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá kò lóǹkà.

Láràárọ̀, á gbé àga onítìmùtìmù sẹ́nu ọ̀nà gáráàjì, á di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin lọ́wọ́ mú wá jókòó, á fi aṣọ bò ó lẹ́sẹ̀. Ìyẹn á wá fi ẹnu san oore náà padà.

"O kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mẹkáníìkì," ni Àǹtí wí lọ́jọ́ kan. "Ṣé bí wọ́n ṣe ń de táyà nìyẹn, àbí ojú rẹ ló ń tì í tó fi kẹ̀yìn sí wa?"

Bàbá wo táyà náà. Òdì ló dè é sí lóòótọ́. "Ẹ ṣeun, Àǹtí mi. Mi ò rí i."

"Báwo lo ṣe máa rí i? Ojú ni wọ́n fi ń rí nǹkan."

Lọ́jọ́ kejì, ó de ìjókòó awakọ̀, ó kọjú rẹ̀ sí bùútù.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Àǹtí wí. "Tó o bá ń lọ, wàá máa wo ibi tó o ti ń bọ̀, kó o má baà sọnù."

"Kí ni kí n wá ṣe sí i?"

"Yí i padà, olórí pípé!"

"Mi ò gbọ́, Àǹtí mi. Ẹ tún un wí."

Àǹtí tún un wí, ó sì fi èébú mẹ́ta ṣe ènì.

Aránṣọ mi orí nídìí máṣíìnì. Aládùúgbò tó mọ̀wà hù kì í tojú bọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́bí, òun náà sì gbìyànjú fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ọjọ́ tí bàbá so wáípà mọ́ inú gíláàsì ni sùúrù rẹ̀ já.

"Àbí inú ọkọ̀ tìẹ lòjò ti ń rọ̀ ni?" Àǹtí ń rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́.

Aránṣọ ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀, ó rìn wọ gáráàjì. "Mà, ẹ foríjì mí, ó tó gẹ́ẹ́! Gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ fojú ọmọ ìyá yín rí. Àgbàlagbà ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi!"

Àǹtí la ẹnu. Ó pa á dé.

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ bàbá. "Àǹtí mi," ó ní, "ẹ dá a lóhùn."

Àǹtí ò dáhùn. Aránṣọ padà sílé, ó ń gbé àyà bí ẹni tó parí ogun.

Lọ́jọ́ kejì, gáráàjì dákẹ́ rọ́rọ́. Bàbá gbé bọ́nẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìyẹn ń wo ilẹ̀. Bàbá tú u, ó gbé iná iwájú sórí òrùlé ọkọ̀, ó tún wò ó. Kò sí nǹkan kan. Aránṣọ rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú fèrèsé: ṣé ẹ rí i pé gbólóhùn kan tó láti tún ilé ṣe?

Nírọ̀lẹ́, bàbá kan ilẹ̀kùn rẹ̀, gíríìsì lọ́wọ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Aránṣọ ti ń múra àtisọ pé kò tọ́pẹ́.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "jọ̀ọ́, wá bá mi bẹ Àǹtí mi kó máa bú mi lọ, torí látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀, tí dókítà ní kò ní sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé, ọjọ́ tí mo ṣèèṣì to nǹkan kan sódì ló tó lanu, tó pè mí ní ọ̀dẹ̀, àtọjọ́ náà ni mi ò sì ti jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn parí."