Fọ́tò Kọkànlélógójì

Kí Sàlàhúdíìnì tó pe ẹnikẹ́ni wá ya fọ́tò egungun ìbàdí lóṣù tó kọjá, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ ọsibítù wọn, ọ̀gá rẹ̀ sì ya tirẹ̀, kí àwọn aládìrẹ Ìtòkú lè rí i pé kò pa ènìyàn lára. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì tò síwájú ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn ò ní tú ìró fún ẹ̀rọ kankan. Ó ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ taṣọtaṣọ bíi tòun. Àfúsá, ìyá rẹ̀, wà lára wọn.

Fọ́tò ọgọ́ta ni wọ́n rí yà. Ọ̀gá rẹ̀ yọ orúkọ kúrò lára wọn, ó pò wọ́n pọ̀, ó fi nọ́ńbà sí wọn, ó sì gba Mẹ́kà lọ. Sàlàhúdíìnì wá ń to àmì yí etí egungun kọ̀ọ̀kan ká lórí kọ̀ǹpútà, títí kọ̀ǹpútà fi mọ bí ìbàdí ṣe máa ń rí, tó sì lè tọ́ka sí èyí tó yàtọ̀ láàárín wọn.

Ó tọ́ka sí ìkọkànlélógójì. Lápá òsì, ọrùn egungun itan ti tẹ̀, ó sì ti tín-ín-rín. Ẹrù wúwo kan ṣoṣo lè ṣẹ́ ẹ. Òjìji kọ́kọ́rọ́ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Sàlàhúdíìnì mú kí àwòrán náà tóbi sí i. Láti kékeré ló ti mọ̀ pé etí ìró ni ìyá òun ń so kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ mọ́.

Kò sọ fún un. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gun ọ̀kadà rẹ̀ dé Ìtòkú, ó sì gba ẹrù àdìrẹ lórí ìyá rẹ̀.

"Ẹ má gbé nǹkan kan mọ́, Màámi. Èmi ni n ó máa gbé e."

"Ìwọ tó ń tiro láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta?"

"Bọ́ọ̀lù ni."

"Bọ́ọ̀lù! Ṣé ìwọ lò ń gbá a ni, àbí òun ló ń gbá ọ?"

Fàòsíyà, tí ìsọ̀ rẹ̀ kángun sí tiwọn, bú sẹ́rìn-ín. "Àfúsá, ọkọ ẹ ti di alábàárù!"

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi gbé e, ìyá rẹ̀ á sì ti ṣí ìsọ̀ sílẹ̀ kó tó dé. Lọ́jọ́ keje, oníbàárà kan láti Kọ́bapẹ́ fẹ́ ra ọjà púpọ̀, ni Sàlàhúdíìnì bá di ẹrù méjì pọ̀ sórí, ó ń gun àtẹ̀gùn òkúta lọ sí ìsọ̀. Òógùn bò ó. Ìyá rẹ̀ ti ṣáájú dé ẹnu ọ̀nà.

"Màámi, ẹ tètè tú kọ́kọ́rọ́ létí ìró, kí ẹ ṣílẹ̀kùn."

"Kọ́kọ́rọ́ wo? Láti ìgbà tí olè ti jà mí lọ́dún tó kọjá, nọ́ńbà ni mo fi ń ti àgádágodo mi."

Àtẹ̀gùn méjì ló kù nígbà tí nǹkan kan ró pàá ní ìbàdí òsì Sàlàhúdíìnì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ṣòkòtò tó máa ń fi kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà rẹ̀ sí.