Ọbẹ̀ Tí Kò Níyọ̀

Opó ni àwọn méjèèjì, ilé aránṣọ ni wọ́n sì jọ ń gbé. Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni àbúrò. Ẹ̀bá fèrèsé ni máṣíìnì wà, níbi tí aránṣọ ti ń rí gbogbo ẹni tó bá ń jáde. Láìpẹ́ yìí, olùkọ́ ló ń jáde jù. Ọmọ kan ṣoṣo tí aránṣọ bí ló sì ń fi mọ́tò gbé e lọ sí ọsibítù.

Ẹ̀yìn ìgbà tí aránṣọ lọ gba oògùn ṣúgà àti ti ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti ń lò tipẹ́ ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára rẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Kò pẹ́ sí i, olùkọ́ náà lọ na apá tirẹ̀ fún wọn.

"Kí ló ń ṣe ìwọ?" aránṣọ bi í.

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kàn fẹ́ mọ bí ara mi ṣe wà ni."

"Ohun tó bá ti kàn mí, o gbọ́dọ̀ pín níbẹ̀ ni!"

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Aránṣọ kò rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà ni iyọ̀ ti tán nínú ọbẹ̀ ilé náà. Olùkọ́ gba ilé ìdáná, ó ń bu ọbẹ̀ díẹ̀ sáwo àwọn méjèèjì. Láràárọ̀ ló ń lọ rìn káàkiri àdúgbò, kò sì jẹ́ fẹnu kan ohun dídùn. Ikùn rẹ̀ fà. Aránṣọ ló ń bá a dín àwọn aṣọ tó ti tóbi jù fún un kù. Bó bá ti fi téèpù yí ìbàdí àbúrò rẹ̀ ká, inú rẹ̀ á bàjẹ́. Òun náà ti pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí, kí ikùn tó máa ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Ní báyìí, tó bá di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gba bàtà mọ́.

"Lẹ́pa ń lọ o!" làwọn aládùúgbò máa ń pe olùkọ́, òun náà á juwọ́ sí wọn.

Aránṣọ ń jowú, kò sì fi bò fún ara rẹ̀. Ó mọ̀ pé ọsibítù kì í pe ẹni tí ara rẹ̀ le lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n ṣé àìsàn ni yóò wá gba ọmọ lọ́wọ́ òun? Bó bá wọlé bá ọmọ rẹ̀ àti olùkọ́, wọ́n á dákẹ́ wẹ́lo.

"Èmi ni mo bí ọ, àbí òun?" ó bi ọmọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ kí Àǹtí ráyè tọ́jú ara wọn."

"Ta ló ń tọ́jú tèmi?"

Ọkùnrin náà wolẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, bí olùkọ́ ṣe jáde lọ rìn, aránṣọ ṣí ìkòkò, ó fi iyọ̀ sí i. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fi kún un láràárọ̀, kí ahọ́n má baà fura. Kò fẹ́ kí àbúrò rẹ̀ kú. Ó kàn fẹ́ kí dókítà bá a wí, kí ikùn rẹ̀ padà wá, kí ọmọ òun lè ráyè wo ojú òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò rí i pé mo ti wá mọ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ sè?" olùkọ́ ń yangàn nídìí oúnjẹ.

"Mo rí i," aránṣọ dáhùn, ó sì bu sí i.

Nígbà tó di ọjọ́ tí dókítà fẹ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, aránṣọ ló kọ́kọ́ wọ mọ́tò. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó dúró sílé, ó kọ̀.

Dókítà wọn ìfúnpá olùkọ́, ó tún un wọ̀n, ó mi orí.

"Ṣé ẹ ti ń jẹ iyọ̀ ni, mà?"

"Mi ò fẹnu kàn án!" Olùkọ́ bú sẹ́kún. Ọmọ aránṣọ káwọ́ lérí.

Aránṣọ gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má rí ẹ̀rín rẹ̀. "Sọ ọ́ sójú mi, dókítà. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn kì í fi nǹkan pa mọ́ fún mi."

Dókítà gbà á gbọ́, ó sì yí àga rẹ̀ sọ́dọ̀ aránṣọ.

"Ẹ má bínú, Màmá," ló wí, "kíndìnrín méjèèjì tí ẹ ní ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáṣẹ́ sílẹ̀, nínú gbogbo ẹbí yín, ti àbúrò yín yìí nìkan ló sì bá yín mu, ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ wọn ṣe ru yìí, a ò lè yọ ọ̀kan lára wọn fún yín mọ́."