Òpó Tí Wọn Kò Ní Wó

Ibùdókọ̀ náà kò gba èrò mọ́. Láàárọ̀, ẹsẹ̀ kì í gbèrò níbẹ̀. Ẹni tó ń wọkọ̀ àti ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ a máa fi èjìká ti ara wọn, àwọn ọlọ́jà a sì máa fa ẹrù wọn mọ́ra kí wọ́n má baà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí ìjọba ìlú sọ pé àwọn yóò tún un kọ́, tí àwọn yóò sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i lókè àti nísàlẹ̀, inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn. Inú obìnrin tó ń tún báàgì ṣe kò dùn.

Ìdí òpó tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jókòó, òun àti maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ àti àpótí síìpù rẹ̀. Kò sí èrò tí kì í gba ibẹ̀ kọjá. Bí ó bá fẹ́ lọ sílé ìtọ̀ pàápàá, á ní kí ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn wá bá òun jókòó síbẹ̀ kí ibẹ̀ má baà ṣófo. Ìròyìn-Ò-Tán ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, nítorí pé ohun tó ń ti ẹnu rẹ̀ jáde pọ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé tó ń tà lọ.

"Ìyá Oníbáàgì, ṣé ẹ fẹ́ fi òpó yìí ṣe ọkọ ni?" ó máa ń bi í.

"Ó sàn jù ọ́ lọ. Òun kì í sọ̀rọ̀."

Obìnrin ni ayàwòrán ilé tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sì í sábà rẹ́rìn-ín. Ó wọn gbogbo ibẹ̀ yíká. Nígbà tó wọ̀n ọ́n tán, ó yẹ kó padà sí ọ́fíìsì rẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí òpó ẹnu ọ̀nà ló ń pààrà. Á dúró, á máa wo èrò. Ihò kékeré kan wà lẹ́yìn òpó náà, kò ga ju orúnkún lọ, níbi tí sìmẹ́ńtì ti ṣí. Ayàwòrán a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ti ìka bọ ihò náà láìwò ó, á sì wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Láti ìdí maṣíìnì, orí rẹ̀ nìkan ni Ìyá Oníbáàgì ń rí.

Ara fu Ìyá Oníbáàgì.

"Ó ń wò ó bóyá ó ti jẹrà ni," Ìròyìn-Ò-Tán sọ fún un. "Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn kí wọ́n tó gba ibi tó bá wù wọ́n. Mo tún gbọ́ pé àwọn tó ti pẹ́ níbí ni wọ́n máa kọ́kọ́ lé, torí àwọn lẹnu wọn le jù."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Nítorí náà, nígbà tí ayàwòrán wá lóṣòó níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ó ti múra sílẹ̀ dè é.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó ìgbà wo tí ẹ ti ń jókòó níbí?"

"Èmi? Mi ò tíì pẹ́ rárá. Ọdún tó kọjá ni mo dé."

"Ọdún tó kọjá." Ayàwòrán wolẹ̀. "Ẹ ò wá mọ ẹnì kankan tó ti wà níbí láyé àtijọ́?"

"Mi ò mọ ẹnikẹ́ni. Báàgì ni mò ń tún ṣe ní tèmi."

Ayàwòrán dúpẹ́, ó sì dìde. Inú Ìyá Oníbáàgì dùn pé òun kò jẹ́ kó rí òun mú.

Nígbà tí píláànù jáde, wọ́n pe gbogbo ọlọ́jà sípàdé, wọ́n sì gbé e kọ́ sára ògiri. Oníkálukú ní ṣọ́ọ̀bù. Ti Ìyá Oníbáàgì wà ní kọ̀rọ̀, ó ní fèrèsé àti iná. Gbogbo òpó àtijọ́ ni wọn yóò wó, àfi ti ẹnu ọ̀nà nìkan, tí wọ́n ya bẹ́ǹṣì yí ká.

Ìyá Oníbáàgì dìde.

"Mi ò fẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Kí ló dé tó fi jẹ́ òpó tèmi nìkan lẹ ò ní wó?"

"Àwọn tó bá ń dúró de èèyàn la ṣe é fún, mà," ayàwòrán dá a lóhùn. "Ẹnikẹ́ni ò ní tajà níbẹ̀."

"Irọ́ ni! Èèyàn yín lẹ fẹ́ gbé e fún!" Ó yíjú sí àwọn ọlọ́jà. "Títí kan ọjọ́ ìsinmi ló ń wá síbẹ̀. Á máa bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn òpó bí ẹni tó ń wá ohun tó sọnù. Ẹ bi í, kí ló ń wá?"

Ariwo ta. Ọ̀gá ibùdókọ̀ gbọ́wọ́ sókè kí wọ́n lè dákẹ́.

"Màdáámù, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

Ayàwòrán wo gbogbo ojú tó ń wò ó.

"Ọ̀rọ̀ ara mi ni, sà. Mi ò lè sọ ọ́ níbí."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ tó wá kó ẹrù rẹ̀, ó yà sídìí òpó náà. "Ẹ má bínú, mà," ó sọ. Síìpù ọwọ́ rẹ̀ ni Ìyá Oníbáàgì tẹjú mọ́ títí ọkọ̀ fi gbé obìnrin náà lọ.

Iṣẹ́ dúró. Ọ̀gá ibùdókọ̀ fúnra rẹ̀ wá sọ fún Ìyá Oníbáàgì pé kò sẹ́ni tí yóò fọwọ́ kan òpó náà mọ́. Ìròyìn-Ò-Tán ra ẹlẹ́rìndòdò tútù fún un.

"Ẹ ti ṣẹ́gun, ìyàwó òpó. Ó wá ku kí ẹ bímọ fún un."

Ìyá Oníbáàgì kò rẹ́rìn-ín. Ó mu díẹ̀, ó dá ìyókù padà fún un, ó sì da aṣọ bo maṣíìnì rẹ̀.

Nígbà tí èrò dín kù, ó lọ sẹ́yìn òpó, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ti ìka bọ ihò náà bó ti máa ń ṣe kó tó lọ sílé, ihò tó ní kí ọmọbìnrin rẹ̀ kékeré ti ìka bọ̀, kó má sì yọ ọ́ títí òun yóò fi ra tíkẹ́ẹ̀tì dé, lọ́jọ́ tó rí i kẹ́yìn.