Ẹ̀gbà Ọwọ́ Adájọ́ Mojírádé

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Mojírádé máa kọ́kọ́ jókòó bí adájọ́, ó yà kí ìyá rẹ̀. Bó ṣe wọlé báyìí ni ẹ̀gbà ọwọ́ ìyá, irú èyí tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀, sọ̀rọ̀: "Ipò àlejò yín ga ju tiyín lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúnlẹ̀ kí i."

Màmá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún di àga mú, ó ń wá bí orúnkún rẹ̀ ṣe máa kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ o, adájọ́ mi," ló ń wí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màámi, ẹ má dán an wò!" Mojírádé ti kúnlẹ̀ kí orúnkún ìyá tó kanlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?"

Lójú ẹsẹ̀ ni ẹ̀gbà ọwọ́ Mojírádé pọ́n. Ìyà ẹni tó bá kúnlẹ̀ fún ẹni tí ipò rẹ̀ kéré sí tirẹ̀ nìyẹn: títí di ọ̀sán, ilẹ̀kùn ìjọba kankan ò ní ṣí fún un.

"Wọ́n á fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níbi iṣẹ́," ni ìyá wí.

"Kí wọ́n máa ṣe é."

Ó dé kóòtù. Ilẹ̀kùn kọ̀, kò ṣí. Ó yíjú, ó rí èèyàn márùn-ún lórí àtẹ̀gùn, ẹ̀gbà ọwọ́ gbogbo wọn pọ́n. Adájọ́ àgbà wà láàárín wọn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Bàbá náà sún fún un.

"Ìyá rẹ ni àbí bàbá rẹ?"

"Ìyá mi ni, sà."

"Tèmi, tíṣà tó kọ́ mi ní á-bí-dí ni." Ó da ẹ̀pà sí i lọ́wọ́. "Jókòó, jàre. Ọ̀sán ò ní pẹ́ẹ́ pọ́n."