Bẹ́ǹṣì Olóògbé

Àlejò náà ń mí hẹlẹhẹlẹ nígbà tó gun òkè dé orí, ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó kọjú sí ọjà àtijọ́ nísàlẹ̀. Wọ́n kan pátákó idẹ kékeré tí wọ́n kọ̀wé sí mọ́ ẹ̀yìn bẹ́ǹṣì náà, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún òkú wọn ní ìlú òyìnbó náà: “Ní ìrántí Wilfred Gathercole, tó fẹ́ràn ibí yìí ju ilé rẹ̀ lọ.”

Àánú ṣe àlejò. Ó yọ òdòdó kan nínú èyí tó rà lọ́jà, ó fi há ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà.

Bàbá arúgbó kan fọ̀pá tilẹ̀ dé. “Ọmọ mi, sún díẹ̀ fún mi.”

“Ẹ jókòó, bàbá. Ṣé ẹ mọ olóògbé yìí?”

“Dáadáa! Ọ̀lẹ paraku ni. Kì í fọ abọ́.”

“Háà! Ẹ má bú òkú o!”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó mú òdòdó náà, ó fi há fìlà rẹ̀.

Ni ìyá arúgbó kan bá figbe ta nísàlẹ̀ òkè: “Wilfred Gathercole! Mo ti kọ orúkọ rẹ sára bẹ́ǹṣì bíi ti òkú, síbẹ̀ o ò gbélé! Òkú kì í jẹun o. Tó o bá fẹ́ jẹ oúnjẹ ọ̀sán, wá fọ abọ́!”

Kíá ni olóògbé gbá ọ̀pá mú, ó sọ̀ kalẹ̀.