Iṣẹ́ Ìyanu Ọjọ́ Ìkẹyìn

Ọ̀la ni ajíhìnrere ń kúrò nílẹ̀ àjèjì yìí, arọ kan ò sì tíì tipasẹ̀ ẹ̀ rìn.

Ló bá rí ìyá kan lórí kẹ̀kẹ́ arọ níwájú ilé ìwòsàn.

"Màmá, lórúkọ Jésù, ẹ dìde!"

Ògbufọ̀ túmọ̀ ẹ̀.

Ìyá fò dìde bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ.

"Halelúyà!"

Ajíhìnrere gbé kẹ̀kẹ́ sókè, ó là á mọ́lẹ̀. Táyà kan já, ó yí gbirigbiri wọ gọ́tà.

"Ẹ ò nílò ẹ̀ mọ́!"

Ìyá bú sẹ́kún, ó ń sọ̀rọ̀ wuyẹwuyẹ.

"Ẹkún ayọ̀ nìyẹn! Kí ni wọ́n wí?"

Ògbufọ̀ ń wolẹ̀.

"Sà, ọkọ wọn ló ni kẹ̀kẹ́. Bàbá wà ní ṣáláńgá lọ́wọ́, Màmá kàn jókòó sinmi ni."

Ajíhìnrere ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu.

"Wọ́n tún ní kí n bi yín, sà: ṣé káwọn sọ fún Bàbá pé Jésù ló bà á jẹ́?"